Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Fún Onífọ́tò Tó Lọ Dúró Ti Ìwé Rẹ̀ Nílé Ìtẹ̀wé Òkè Òkun

Èyí tó burú jù nínú wọn ni kí ènìyàn wọkọ̀ òfurufú láti Èkó lọ sí Verona ní Ítálì tàbí Göttingen ní Jámánì, kó dé ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tán, kó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún fọ́tò ṣe. Wọn kì í tún fọ́tò ṣe nídìí ẹ̀rọ. Kí ẹ tó débẹ̀, wọ́n ti pín àwòrán yín sí àwọ̀ mẹ́rin, cyan (búlúù fẹ́ẹ́rẹ́), magenta (pupa tó fẹ́ jọ èsè àlùkò), yẹ́lò àti dúdú, wọ́n sì ti gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sára pléètì tirẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ àwòrán. Ohun tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ni pé kó fi yíǹkì kún un tàbí kó dín in kù. Bí ojú ìyàwó inú fọ́tò bá ti ṣókùnkùn láti inú fáìlì, àfi pléètì tuntun. Ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀, pẹ̀lú owó àkókò tí ẹ̀rọ fi dúró.

Nítorí náà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Proof, ìyẹn bébà àpẹẹrẹ tó ń fi bí àwọ̀ yóò ṣe rí hàn, tí ilé ìtẹ̀wé náà fúnra wọn ṣe, tí ẹ ti yẹ̀ wò nílé, tí ẹ sì ti fọwọ́ sí, ló yẹ kó wà lórí tábìlì. Àwọn kan á na fóònù sókè, wọ́n á ní bó ṣe rí níbí ni àwọn fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn gíláàsì fóònù ni iná ti ń tàn. Bébà kò ní iná nínú, kò sì lè bá fóònù dọ́gba láé.

Ojú fọ́tò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ máa ń wò, wọn kì í wo odindi bébà ńlá tí wọ́n tẹ ojú ewé púpọ̀ sí kí wọ́n tó ká a. Ojú ewé 8 ló sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rẹ̀, 8 lẹ́yìn, èyí tó túmọ̀ sí pé ìwé olójú ewé 192 yóò gba bébà ńlá 12. Àpótí yíǹkì ẹ̀rọ náà ní àwọn kọ́kọ́rọ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń darí ọ̀nà tóóró kan tó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3, láti orí bébà dé ìsàlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi magenta kún fọ́tò kan tó wà lókè, ìkejì rẹ̀ nísàlẹ̀, tó jẹ́ aṣọ òkè aláwọ̀ eérú, á pọ́n tipátipá, torí ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì wà. Ilé ló yẹ kí ẹ ti béèrè fún àtẹ tó fi hàn bí àwọn ojú ewé yóò ṣe tò sórí bébà. Ẹ ó ti mọ fọ́tò tó lè ba tèkejì jẹ́, ẹ ó sì ti pinnu èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ní Yúróòpù lè má tí ì tẹ ojú ènìyàn dúdú púpọ̀ rí. Bí cyan bá lé díẹ̀, ara á funfun bí eérú. Bí magenta bá lé, gbogbo ẹbí á dà bí ẹni tó kun osùn. Ẹ má pàṣẹ fún un pé kó dín yíǹkì báyìí kù ní márùn-ún. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: ojú obìnrin yìí pọ́n jù, òjìji yìí ti dì. Ó mọ yíǹkì tí yóò fọwọ́ kàn. (Bí ẹ bá sì kí i dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àròyé, kò ní ba nǹkan kan jẹ́.)

Tábìlì àyẹ̀wò wọn ní iná 5000 K (iná funfun tó jọ ti ọ̀sán), gẹ́gẹ́ bí ISO 3664, ìlànà àgbáyé fún wíwo àwọ̀, ṣe là á sílẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni kí bébà àti proof jọ wà. Tó bá jẹ́ bébà tí kò dán lẹ lò, ẹ rántí pé yíǹkì á ṣì wọnú rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ. Dúdú tó jinlẹ̀ yín lójú lálẹ́ lè ti rọ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù: ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ọjọ́ 15 ni ìdáhùn sábà máa ń gbà, ó sì lè fà dé 45. Ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò yín kò gbọ́dọ̀ dín ní 30,000 Yúrò. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà, torí ọjọ́ ìtẹ̀wé máa ń sún.

Ẹ má sì gba yàrá sí òpin ìlú kejì. Wọ́n lè pè yín ní aago méjì òru. Ní ilé ìtẹ̀wé Steidl ní Göttingen, tí Gerhard Steidl dá sílẹ̀ ní 1968, inú ilé náà ni àwọn onífọ́tò máa ń dúró sí títí yóò fi kàn wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ju bébà 10,000 lọ ní wákàtí kan á parí ẹ̀dà 1,000 ti bébà kan kí ẹ tó mu tíì tán. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí bébà kan, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ gba ẹyọ kan tí ẹ fọwọ́ sí pamọ́, pàápàá nígbà tí fọ́tò kan bá tàn ká ojú ewé méjì tí wọn kò sí lórí bébà kan náà. Apá òsì lè jáde lónìí, kí apá ọ̀tún jáde lọ́la, kí àwọ̀ wọn má sì bára mu.

Ìwé kì í di dídì lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Yíǹkì gbọ́dọ̀ gbẹ ná, ẹ sì ti padà sílé nígbà yẹn. Ẹ fi sínú àdéhùn pé kí wọ́n fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ti di dídì ránṣẹ́ kí wọ́n tó kó ìyókù sínú kọ̀ǹténà. Ẹ ka ojú ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ wò bóyá àwọn fọ́tò alójú ewé méjì pàdé níbi ìránpọ̀. Bí ìdìpọ̀ kan (bébà ńlá kan tí wọ́n ti ká) bá ṣíwájú èkejì, Verona ni kí wọ́n ti rí i, kì í ṣe Àpápá.