Físà tí mo gbé lọ bá ọkọ mi ní Faransé, àti bó ṣe ná wa lówó lẹ́ẹ̀mejì

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó sílé ọkọ mi láìṣiṣẹ́. Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti jáde yunifásítì! Ara mi le, iṣẹ́ wà nílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ gbà mí síbì kan, àmọ́ físà tí mo gbé wọ̀lú ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ṣì ń dùn mí dòní, torí físà tó tọ́ sí mi wà ńbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, èyí tí mo sanwó lé lórí ló wá dè mí lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, kẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ lọ sí Faransé lè rí i kà kó tó kówó fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Faransé lọkọ mi. Ọ̀dọ̀ wa nílé la ti ṣègbéyàwó kóòtù, oṣù kọkànlá 2022, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ó ti gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. A ò fẹ́ ká jìnnà síra fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìkánjú yẹn ló sì kó bá wa. Físà kúkúrú, 90 ọjọ́ péré láàárín 180 ọjọ́, ti àlejò nìyẹn, a ò tiẹ̀ yà á wò. Ti ọlọ́jọ́ gígùn ló wá ku méjì níwájú wa: èyí tí wọ́n ń pè ní visiteur, ìyẹn tàlejò tó fẹ́ pẹ́ díẹ̀, àtèyí tí wọ́n ń pè ní conjoint de Français, ìyẹn tẹni tó fẹ́ ọmọ onílùú. Conjoint yìí ni tiwa gan-an, ṣùgbọ́n wọn ò ní fún èèyàn àfi tí ìgbéyàwó tẹ́ ẹ ṣe nílé bá ti wọnú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba Faransé. Transcription ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n bá ṣe é tán wọ́n á fún yín ní ìwé pẹlẹbẹ kan, livret de famille. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ rárá.

Bọ̀dá kan tó máa ń báni to ìwé físà ló wá sọ fún mi pé, "Ìyàwó, visiteur ni kẹ́ ẹ gbà, wọn ò ní béèrè transcription kankan lọ́wọ́ yín, ọdún kan gbáko náà ni, tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀ ẹ máa yí i padà." Kò parọ́ pé ó yá. Ohun tí ò sọ ló kó mi síyọnu.

Fọ́ọ̀mù, fọ́tò, ìka títẹ̀, mi ò ní fìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹni tó bá ti gba físà rí mọ gbogbo ẹ̀. Ohun tó yẹ kó ta mí lólobó ni pé fún visiteur, yàtọ̀ sówó tó o máa fi hàn pé o lè fi gbọ́ bùkátà ara ẹ àti ìnṣọ́ránsì ìlera ọlọ́dún kan, wàá tún kọ lẹ́tà, wàá búra nínú ẹ̀ pé o ò ní ṣiṣẹ́ kankan ní Faransé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Mo rò pé ìwé lásán ni. Mo wá san 99 yúrò owó físà, bẹ́ẹ̀ òfin Faransé sọ ọ́ kedere pé ọ̀fẹ́ ni ti conjoint, pé kí wọ́n sì tètè fún un. Èyí tí mo sanwó fún ló wá jẹ́ èyí tí ẹ̀tọ́ inú ẹ̀ kéré jù.

Mo débẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin 2023. O ní oṣù mẹ́ta láti lọ fìdí físà náà múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 200 yúrò ni mo san nígbà yẹn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i mo ríṣẹ́, wọ́n pè mí, a sọ̀rọ̀, inú wọn dùn sí mi, obìnrin tó ń gbani síṣẹ́ wá ní kí n mú pásípọ́ọ̀tù wá. Ó ṣí i dé ibi físà, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, visiteur, ó kà á, ó pa pásípọ́ọ̀tù náà dé, ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí mi. Mo sunkún délé. Ibòmíì tó tún ti dùn mí ni ti èdè: àwọn tó wọlé gẹ́gẹ́ bíi conjoint máa ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan pẹ̀lú ìjọba, CIR, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dán ọ wò, tí wọ́n á sì kọ́ ọ ní Faransé lọ́fẹ̀ẹ́ tí o ò bá tíì gbọ́ ọ dáadáa. Ti visiteur ò sí níbẹ̀. Owó ara wa la fi kọ́ ọ.

Nígbà tá a wá dé préfecture, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, pé a fẹ́ yí i padà, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni transcription. Ohun tá a sá fún nílé ló dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. A bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní oṣù kẹfà, ó di àárín oṣù kìíní 2024 kó tó parí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà á. Tí ọmọ Faransé bá fẹ́ ṣègbéyàwó nílẹ̀ òkèèrè, ó yẹ kó kọ́kọ́ gba ìwé kan kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, certificat de capacité à mariage. Wọ́n á lẹ orúkọ yín síta fún ọjọ́ mẹ́wàá bóyá ẹnì kan ní ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fẹ́ra, wọ́n sì lè pè yín fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò. Tẹ́ ẹ bá ti ṣèyẹn, ìyókù á rọrùn. Àwa ò ṣe é, ọkọ mi alára ò mọ̀ pé ó wà, nítorí náà ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni wọ́n wá ṣe gbogbo ẹ̀, ìyẹn ò sì yára o.

Èyí tó wá fẹ́ yí mi lórí ni lẹ́tà kan ṣoṣo. Adéṣọlá lorúkọ mi. Nínú pásípọ́ọ̀tù mi àti ìwé ọjọ́ìbí mi, Adesola ni, S lásán, torí kò sí àmì abẹ́ Ṣ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tẹ sẹ́tífíkéètì ìgbéyàwó wa wá kọ Adeshola. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé orúkọ kan náà ni? Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wa wò, èèyàn méjì nìyẹn, ọkọ mi fẹ́ Adeshola, Adesola ló wá ń béèrè ìwé. Mo kọ lẹ́tà olójú ewé méjì, mo ṣàlàyé pé Ṣ yìí, ohùn tí wọ́n fi ń pe ch nínú "chat" lédè Faransé lòun náà ní, pé ẹlòmíì á kọ ọ́ ní S, ẹlòmíì á kọ ọ́ ní Sh. Wọ́n dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé kí ibi tó gbé sẹ́tífíkéètì náà jáde lọ tún un ṣe.

Bàbá mi tó wà nílé ló bá mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ, lónìí ẹni tó máa fọwọ́ sí i ò sí nílé, lọ́la wọn ò rí fáìlì. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, lórí h kan! Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Fọkàn balẹ̀, Adé, mo máa gbà á." Wọ́n sì gbà á. Ṣùgbọ́n sẹ́tífíkéètì tuntun ti di ìwé tuntun nìyẹn, ó gbọ́dọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ ògbufọ̀ tí kóòtù Faransé fọwọ́ sí, a tún sanwó. Ká tó ṣèyẹn tán, ìwé ọjọ́ìbí ọkọ mi ti lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n dá fáìlì padà lórí ìyẹn náà. Etí ìwé ọjọ́ìbí ni wọ́n ń kọ ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ sí ní Faransé, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gba èyí tó bá ti pẹ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ pé kò tíì gbé ẹlòmíì níyàwó láàárín ìgbà yẹn. Mo gbọ́, ó yé mi, àmọ́ inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè jẹun.

Àtìgbà yẹn ni mo ti gba fáìlì náà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Mi ò wá ẹni tó ń báni to ìwé mọ́. Mo ra fódà, mo to gbogbo ẹ̀ léra, mo kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bà jẹ́ sára ẹ̀ ní lẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n pè wá sí mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀tọ̀ ni wọ́n bá èmi sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni wọ́n bá ọkọ mi, wọ́n bi mí léèrè ibi tá a ti pàdé, orúkọ àwọn àbúrò ẹ̀, àkókò tó máa ń ti ibiṣẹ́ dé. Faransé ni mo fi dáhùn látòkè délẹ̀, láìsí ògbufọ̀. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Ká ní mo lè padà sẹ́yìn, màá ní kí ọkọ mi béèrè certificat yẹn ká tó mú ọjọ́ ìgbéyàwó, màá sì ka orúkọ mi lórí sẹ́tífíkéètì lẹ́tà lẹ́tà kí n tó dìde lórí àga níwájú ẹni tó so wá pọ̀. Ìwé ọjọ́ìbí ọkọ náà, ìgbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ béèrè ẹ̀, nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti pé, kò kúkú gbowó. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gba visiteur torí pé ó yá, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi ṣiṣẹ́. Ká ní mo dúró díẹ̀ sí i nílé, ǹ bá wọlé pẹ̀lú ẹ̀tọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Oṣù kẹfà 2024 ni káàdì ìgbélùú mi jáde, 225 yúrò, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Nínú ìwé tá a kó sílẹ̀ fún káàdì náà, a tún béèrè ìwé ọjọ́ìbí ọkọ mi, tuntun. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo wo etí ẹ̀. Wọ́n ti kọ ìgbéyàwó wa síbẹ̀, ọjọ́ tá a ṣe é, ìlú tá a ti ṣe é, àti orúkọ mi: Adesola. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi.