Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo fíìmù ẹ̀rù olówó kékeré ti Amẹ́ríkà àtijọ́

Bí o bá rí máíkì tó yọjú lókè orí òṣèré nínú Plan 9 from Outer Space, má tíì dá Ed Wood tó darí rẹ̀ lẹ́bi. Wo ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ dáadáa ná. Ọ̀pọ̀ èébú tí wọ́n ń bù lu fíìmù abàmì ẹ̀dá àti àjèjì ojú ọ̀run tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe láàárín 1950 sí 1968, orí ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ń lọ. Àwọn mìíràn ló ba àwòrán náà jẹ́ lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ ti ṣe tiwọn tán.

Láti 1953 ni Hollywood ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù fún aṣọ sinimá tó fẹ̀, torí tẹlifíṣọ̀n ti ń gba èrò lọ́wọ́ wọn. Kámẹ́rà kò yí padà. Àwòrán tó ń yà ṣì jẹ́ ìbú 1.37 sí gíga 1. Ilé sinimá ni ẹni tó ń yí fíìmù ti máa ń ki irin pẹlẹbẹ bọ inú ẹ̀rọ, irin náà á bo òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán, ìbú á sì di 1.85 sí gíga 1. Ayàwòrán mọ èyí, kì í sì í da ara rẹ̀ láàmú nípa ohun tó bá wà níbi tí irin máa bò. Ìgbà tí wọ́n ń da fíìmù náà kọ fún tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣí ibẹ̀ sílẹ̀, tí máíkì fi jáde síta.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò le. Bí fíìmù bá jẹ́ ti lẹ́yìn 1953, tí àwòrán rẹ̀ rí bí àpótí, tí àlàfo ńlá sì wà láàárín orí òṣèré àti òkè àwòrán, lo sọ́ọ̀mù orí rìmóòtù kí àwòrán kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n òde òní jẹ́ 16 sí 9, ìyẹn 1.78, kò jìnnà sí 1.85. Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Rocketship X-M (1950) tàbí The Thing from Another World (1951), orí àwọn èèyàn ni wàá gé. Má ṣe é fún Night of the Living Dead náà. Lóòótọ́ ọdún 1968 ló jáde, síbẹ̀ 1.37 ni àwòrán rẹ̀. Ti Invasion of the Body Snatchers (1956) tún yàtọ̀: ìbú rẹ̀ jẹ́ 2 sí gíga 1, nítorí náà ẹ̀dà rẹ̀ tó bá rí bí àpótí ti pàdánù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì. Sọ́ọ̀mù kò lè dá ohun tí wọ́n gé dànù padà. Wá ẹ̀dà mìíràn.

Má fi kún ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n rẹ. Owó tí wọ́n máa fi tan iná sí odidi pápá lóru pọ̀ jù, nítorí náà ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń ya ìran òru: wọ́n á dín ojú lẹ́ǹsì kù, wọ́n á fi awò pupa dí i níwájú kí ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù lè ṣú. Bí òjìji èèyàn bá hàn ketekete lórí ilẹ̀ nínú ohun tí wọ́n pè ní òru, ọ̀sán ni wọ́n yà á. Ẹni tó bá wá tan ìmọ́lẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n sókè kí ó lè ríran dáadáa ti sọ òru wọn di ọ̀sán padà. Yí i sí ibi tí wọ́n kọ “Cinema” tàbí “Movie” sí, pa iná yàrá, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí o ti ń ṣètò ìyẹn náà ni kí o ti pa ohun tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ bọ̀rọ́. Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yẹn máa ń dá àwòrán tirẹ̀ ṣe, á fi há àárín wọn. Iṣẹ́ Ray Harryhausen, ẹni tó ń mú kí ère kékeré dà bí ohun tó ń rìn, ni èyí ń pa lára jù. Nínú It Came from Beneath the Sea (1955), ère kékeré tó ní egungun irin nínú, rọ́bà lára, ni ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó kọlu afárá Golden Gate ní San Francisco. Harryhausen á sún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan díẹ̀, á ya àwòrán kan, á tún sún un. Ka àwọn ẹsẹ̀ náà: mẹ́fà péré ni! Owó kò tó láti ṣe mẹ́jọ, ẹsẹ̀ méjì tó sì dín kù, iṣẹ́ tó dín kù nínú gbogbo àwòrán ni. Bí ó ṣe ń fi omi bo apá kan ara ẹja náà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fura. Ọgbọ́n nìyẹn, kì í ṣe àìbìkítà, ó sì yẹ kí a máa yìn ín fún un.

Àṣìṣe kan wà tó ń dùn wá jù: kí èèyàn máa rò pé nítorí kò tíì sí àwọ̀ ni àwọn fíìmù yìí ṣe jẹ́ dúdú-àti-funfun. Àwọ̀ ti wà láti ọdún 1930 sókè. Owó rẹ̀ ni kò sí. Àwọn oníṣẹ́ wá mú àìsí àwọ̀ yìí ṣe irinṣẹ́. Ṣokoléètì olómi tí wọ́n ń pè ní Bosco ni ẹ̀jẹ̀ inú Night of the Living Dead, torí pé ó ṣú, ó sì ki tó bó ṣe yẹ nínú dúdú-àti-funfun. Ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kun láwọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ti tú àṣírí ohun tí wọn kò ṣe fún àwọ̀, nítorí náà má fi irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wo The Tingler (1959) tí William Castle darí fún òdìkejì rẹ̀. Dúdú-àti-funfun ni gbogbo fíìmù náà, àfi ìran kan tí ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń ṣàn láti ẹnu ẹ̀rọ omi, tó sì kún inú agbada ìwẹ̀, tí ọwọ́ kan wá ń yọ jáde látinú rẹ̀. Fíìmù aláwọ̀ ni wọ́n fi ya ìran yìí. Wọ́n kun yàrá náà ní funfun, dúdú àti eérú, wọ́n sì kun ojú òṣèrébìnrin Judith Evelyn ní àwọ̀ eérú, kí ó má bàa sí ohun mìíràn tó ní àwọ̀ níbẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo ẹ̀dà tí kò ní pupa yẹn kò tíì rí fíìmù náà.

Nípa 3D, ìyẹn fíìmù tó ń jọ pé nǹkan inú rẹ̀ ń yọ síta, àwọn èèyàn máa ń sọ pé awò pupa-àti-búlúù ni wọ́n fi wo Creature from the Black Lagoon ní 1954. Rárá o. Awò aláwọ̀ eérú ni, irú èyí tó ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀, lórí aṣọ sinimá aláwọ̀ fàdákà. Ẹ̀rọ méjì ló máa ń yí fíìmù méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì. Bí ọ̀kan bá já, tí wọ́n gé àwòrán mẹ́ta dànù kí wọ́n tó so ó, dandan ni kí wọ́n gé mẹ́ta kan náà nínú èkejì. Ẹni tó bá gbàgbé, orí á máa fọ́ àwọn òǹwòran, wọ́n á sì ní 3D ni kò dára.

Kí a tó kúrò lórí fíìmù yẹn: kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló kó ipa abàmì ẹ̀dá náà. Ricou Browning ló wà nínú omi ní Wakulla Springs ní Florida, tó ń di èémí mú, tó sì ń mí láti inú ọ̀pá afẹ́fẹ́ tí kámẹ́rà kò rí. Ben Chapman ló ń rìn lórí ilẹ̀. Milicent Patrick ló ya bí ẹ̀dá náà ṣe máa rí, ọ̀gá rẹ̀ Bud Westmore ló gba ìyìn. Bí o bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀, má fi orúkọ obìnrin yìí sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má kọ ọ́ pé òṣèré Bela Lugosi kú nígbà tí wọ́n ń ya Plan 9. Ó ti kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1956, àwòrán díẹ̀ tí Wood ti yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn ló tò mọ́ ọn, ó sì wá ẹlòmíràn tó ń fi aṣọ ìbora bojú láti dípò rẹ̀.

Ní ìparí, má rò pé gbogbo ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti di ti gbogbo ayé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní láti sọ àṣẹ lórí ẹ̀dà (copyright) fíìmù tó jáde ṣáájú 1964 dọ̀tun ní ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n nígbà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣẹ náà á bọ́. Èyí tí wọ́n sọ dọ̀tun máa lo ọdún 95: ti Creature ṣì wà títí dé òpin 2049. Ọ̀nà mìíràn ni ti Night of the Living Dead fi bọ́. Night of the Flesh Eaters ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń pín in yí orúkọ padà, ìkéde àṣẹ tó wà lójú àwòrán àkọlé bá a lọ, òfin ìgbà náà kò sì dárí ji ìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni fi ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà náà sì ṣú tí ojú Duane Jones, olú òṣèré rẹ̀, kò fi hàn. Ẹ̀dà tí MoMA (ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York) àti The Film Foundation (àjọ tó ń dáàbò bo fíìmù àtijọ́) tún ṣe ní 2016 láti inú ojúlówó nẹ́gátíìfù ni kí o wá.