Ìpàdé Ojúkojú, Ti Orí Ẹ̀rọ, Tàbí Àmúlùmálà: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Yẹ

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í yan irú ìpàdé tí wọ́n ń ṣe. Ìpàdé àárọ̀ Mọ́ńdè ń wáyé nínú yàrá nítorí pé ibẹ̀ ló ti ń wáyé tipẹ́, èyí tó sì bọ́ sórí Zoom nígbà kòrónà lọ́dún 2020 ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Bí àwọn kan bá wá ní àwọn ò ní lè dé, wọ́n á gbé láptọ́ọ̀pù kan kalẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á ní kí àwọn tó wà nílé máa gbọ́ látibẹ̀. Irú ti ìkẹyìn yìí, tí a ń pè ní àmúlùmálà, ló máa ń bàjẹ́ jù. Iṣẹ́ tí ìpàdé fẹ́ ṣe ló yẹ kó sọ ibi tí a ó ti ṣe é, àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ iṣẹ́ ìpàdé náà ní gbólóhùn kan

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ parí gbólóhùn yìí: "Nígbà tí a bá fi máa túká, a ó ti..." Bí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ "gbọ́ ibi tí kálukú báṣẹ́ dé", ìròyìn lásán nìyẹn, kò sì nílò ìpàdé rárá. Kí kálukú kọ ìlà mẹ́ta sórí WhatsApp ẹ̀ka náà kí aago 10 àárọ̀ tó lù. Bí ó bá jẹ́ "pinnu iye tí a ó máa ta ọjà tuntun", ìpinnu ni. Bí ó bá jẹ́ "parí aáwọ̀ tó wà láàárín àwọn tó ń tajà àti àwọn tó ń ṣírò owó", ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ ni. Bí gbólóhùn náà bá kọ̀ tí kò parí, ẹ má tíì pe ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́, ojúkojú ni kí ẹ ṣe é. Ìbáwí, pípẹ̀tù sí aáwọ̀, sísọ fún òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́, ọ̀rọ̀ owó oṣù, ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú oníbàárà ńlá: ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí ẹ̀rọ, ẹ kò ní rí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá ẹni tó pa kámẹ́rà rẹ̀ ń sunkún tàbí ó ń jẹun. Iṣẹ́ tó gba fífọwọ́kàn náà, ojúkojú ni: yíyẹ àpẹẹrẹ aṣọ wò, títún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tò, yíyàwòrán ilé sórí bébà tí gbogbo ènìyàn pé lé lórí.

Ìpinnu tí kò le, tí ènìyàn bíi mẹ́jọ tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe, tí wọ́n sì ti ka ìwé rẹ̀ ṣáájú, ó yẹ orí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ló wà tilẹ̀ dára lórí ẹ̀rọ ju inú yàrá lọ. Bí ẹ bá ń wo ìwé ìṣirò owó, iwájú ojú kálukú ni àwọn nọ́ńbà náà máa wà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn nínú yàrá kì í rí ohun tó wà lára ògiri dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò wákàtí, kí ẹ tún ṣírò owó

Ẹ jẹ́ ká mú ìpàdé wákàtí kan ní Ìkẹjà, tí ènìyàn mẹ́jọ fẹ́ wá. Mẹ́ta wà nítòsí, márùn-ún ń bọ̀ láti Ìkòròdù, Àjàh àti Sángo Ọ̀tà. Bí kálukú nínú àwọn márùn-ún bá lo wákàtí 3 ní lílọ àti bíbọ̀, wákàtí 15 ti lọ sójú ọ̀nà nítorí wákàtí 8 nínú yàrá. Ẹ wá bi ara yín bóyá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tó wákàtí 23. Nígbà mìíràn ó tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí ó bá tó, ẹ má pè wọ́n wá nítorí ohun kan ṣoṣo: ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó nílò ojú jọ sí ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì fi ìpàdé sí aago 11 àárọ̀, kí ó má bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òwúrọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ rí i pé ẹ ti túká kí àkókò ìrun tó tó.

Ti orí ẹ̀rọ náà ní owó tirẹ̀. Ìpàdé onífídíò ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí Zoom lè jẹ dátà bíi gígábáìtì kan ní wákàtí kan. Bí àwòrán bá ṣe mọ́ sí ló ń pinnu bóyá á lé tàbí á dín. Ohùn nìkan kì í sábà tó 100 mẹgabáìtì. Ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó san owó dátà yìí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń san owó iná ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà á pa kámẹ́rà, á sì tètè jáde, ọ̀gá á wá máa rò pé kò bìkítà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo aago àti gbèdéke

Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ìpàdé ní ìṣẹ́jú 40. Google Meet ọ̀fẹ́ fàyè gba ìṣẹ́jú 60 bí ènìyàn bá ti tó mẹ́ta. Ìpè WhatsApp ń gba ènìyàn 32. Bí ìpàdé yín bá máa ju ìṣẹ́jú 40 lọ, ẹ má retí pé ẹ ó kàn tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì: àwọn kan ò ní padà wá, àárín ìpinnu ló sì máa ń já.

Fún àwọn tó ní ará ibi iṣẹ́ lókè òkun, aago Èkó kì í yí padà. Èkó àti Kútọnu jọ ń lo aago kan náà, Lomé fi wákàtí kan rẹ̀yìn. London bá Èkó dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ṣùgbọ́n láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá títí di Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn. New York fi wákàtí 5 rẹ̀yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó fi 6 rẹ̀yìn láti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá títí di Sọ́ńdè kejì oṣù Kẹta. Nítorí náà, aago 9 àárọ̀ ní Èkó jẹ́ aago 3 tàbí 4 òru fún ẹni tó wà ní New York. Aago 3 ọ̀sán ní Èkó ló rọ gbogbo wọn lọ́rùn. Oṣù Kẹta àti oṣù Kẹwàá sí Kọkànlá ni àṣìṣe pọ̀ jù, torí pé Amẹ́ríkà àti Britain kì í yí aago wọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ máa kọ "aago Èkó" sínú ìpè ní gbogbo ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí ó bá jẹ́ àmúlùmálà, ẹ múra sí i gan-an

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àmúlùmálà ló rọrùn jù, torí pé kálukú á wà níbi tó wù ú. Òun gan-an ló ṣòro jù. Ìpàdé méjì ni ẹ ń darí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà nínú yàrá sì máa ń gbé èyí tó wà lórí ẹ̀rọ mì. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì péré ni kò sí ní ọ́fíìsì, ẹ má ṣe àmúlùmálà. Kí gbogbo ènìyàn wọlé sórí ẹ̀rọ, kódà àwọn tó wà nínú ilé kan náà, kí kálukú wà ní ìdí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú earpiece létí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn á fi dọ́gba.

Àmúlùmálà yẹ nígbà tí ọ́fíìsì méjì, bíi ti Èkó àti ti Ìbàdàn, bá fẹ́ pàdé, tí ènìyàn pọ̀ ní ìhà méjèèjì. Ó tún yẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá, níbi tí gbígbọ́ ti pọ̀ ju sísọ lọ.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kámẹ́rà ń bọ̀ lẹ́yìn. Máìkì inú láptọ́ọ̀pù, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá ti jìnnà ju mítà méjì lọ, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga ni wọ́n ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ẹ gbé spíkà ìpàdé kan, irú èyí tó ní máìkì nínú, sí àárín tábìlì gan-an. Ó tó fún ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ tó jókòó yí i ká. Tábìlì gígùn gba máìkì kejì tó so mọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ má fi fóònù ẹlòmíràn ṣe máìkì kejì.

Ìdí ni pé bí ẹ̀rọ méjì bá wà nínú yàrá kan tí ohùn ń jáde lára àwọn méjèèjì, ohùn tó ti ara ọ̀kan jáde á wọ máìkì ìkejì, á tún padà jáde, á máa yí po títí yóò fi di híhan fíìì. Pípa máìkì nìkan kò tó. Bí spíkà láptọ́ọ̀pù kan bá ṣì ń sọ̀rọ̀, máìkì àárín tábìlì á gbé e, ẹni tó wà lókèèrè á sì máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kó ní ohùn nínú yàrá. Gbogbo ìyókù, kí wọ́n pa máìkì, kí wọ́n tún pa spíkà.

Ẹ pa fáànù tó wà lókè tábìlì, kí ẹ sì ti fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n tí ẹ fi ń wo àwọn tó wà lókèèrè, ní ọ̀gangan ojú ẹni tó jókòó, kí ẹni tó bá ń wò wọ́n lè dà bíi pé wọn ló ń bá sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fi ìkọ̀wé kọ, ẹ gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú Google Docs tí gbogbo ènìyàn ń rí ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Iná ńkọ́? Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á, routà á kú, á tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi méjì sí mẹ́ta, gbogbo ará òkèèrè á sì já. Ẹ so routà mọ́ inverter tàbí UPS kékeré. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Kí fóònù kan tó ní dátà nẹ́tíwọọ̀kì ilé-iṣẹ́ mìíràn, yàtọ̀ sí ti routà, wà nítòsí, kó lè pín íntánẹ́ẹ̀tì bí routà bá kọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ènìyàn ló kù. Ẹ yan ẹnì kan nínú yàrá tí yóò máa ṣojú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ alága, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ akọ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ẹni tó nawọ́ àti ohun tí wọ́n kọ, kó sì ní àṣẹ láti dá alága dúró: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn." Ẹ sọ àṣẹ yìí níwájú gbogbo ènìyàn kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ iṣẹ́ kò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọ̀gá láìjẹ́ pé ọ̀gá ti gbà á láyè. Bákan náà, ní orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ ni kí alága kọ́kọ́ dárúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó kan yàrá, kí ọ̀gá sì sọ tirẹ̀ kẹ́yìn. Bí àgbà bá ti là á sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò tún ní gbọ́ èrò ẹlòmíràn mọ́, pàápàá ti ẹni tó ní láti ṣí máìkì kó tó sọ̀rọ̀.

Ìpàdé kejì tí wọ́n máa ń ṣe ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n á yí ìpinnu padà níbẹ̀, ará òkèèrè ò sì ní gbọ́. Ẹ fi í ṣe òfin pé ohun tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ tí akọ̀wé fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìpinnu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ òfin wò

Ìpàdé gbogbogbòò ti ọlọ́dọọdún yàtọ̀ sí ìpàdé iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin ilé-iṣẹ́ CAMA ti ọdún 2020, ní abala 240, gba ilé-iṣẹ́ aládàáni láyè láti ṣe é lórí ẹ̀rọ, bí ó bá ti bá ìlànà ilé-iṣẹ́ náà mu. Àtúnṣe tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2023 ló mú un dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè ra ìpín nínú rẹ̀. Ẹ ka ìwé ìlànà tiyín kí ẹ tó fi ìpè ránṣẹ́, èyí tí òfin ní kó ti jáde ní ọjọ́ 21 ṣáájú ìpàdé náà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn ìpàdé èyíkéyìí sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Lábẹ́ òfin ààbò dátà ti ọdún 2023, ohùn àti ojú tí a fi lè dá ènìyàn mọ̀ wà lára ìsọfúnni nípa rẹ̀ tí òfin náà ń dáàbò bò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ọ́ sínú ìpè, kí ẹ sì dán an wò

Kí ìpè sọ irú ìpàdé tó jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀, aago tó máa parí, àti bóyá a fẹ́ kámẹ́rà. "Ẹ lè wá tàbí kí ẹ wọlé lórí ẹ̀rọ" kì í ṣe ìpè tó dára: ìdajì á wá, ìdajì á wọlé, ẹ ó sì bọ́ sínú àmúlùmálà tí ẹ kò múra fún.

Ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kí ẹnì kan lọ jókòó ní yàrá mìíràn pẹ̀lú earpiece, kí ẹlòmíràn máa sọ̀rọ̀ láti àga kọ̀ọ̀kan yí tábìlì ká. Àga tí ohùn rẹ̀ kò bá dún, ẹ gbé e kúrò. Kí ẹ sì ti fẹnu kò sí ohun tí ẹ ó ṣe bí ohùn bá bàjẹ́ láàárín ìpàdé. Bí ìṣẹ́jú 5 bá kọjá tí kò tíì tún ṣe, ẹ pa ẹ̀rọ yàrá, kí kálukú fi fóònù rẹ̀ wọlé láti yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ẹ sún ọ̀rọ̀ tó gba ìpinnu síwájú. Alága ló ń kéde èyí, kì í ṣe ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì tó ń tún wáyà ṣe.