Kẹ́ẹ tó kọ kóòdù fún oníbàárà, ẹ kọ àdéhùn ná

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń fi sọ́fítíwíà kíkọ jẹun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bug, ìyẹn àṣìṣe inú kóòdù, kọ́ ló ń tú iléeṣẹ́ ká, tó bá yọjú a máa tún un ṣe. Ohun tó ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ni ká parí iṣẹ́ tán kí oníbàárà ní òun ló ni gbogbo ẹ̀, kẹ́ni tó kọ ọ́ ní irọ́ ni, tàbí kí wọ́n máa kó iṣẹ́ lé iṣẹ́ kówó sì dúró sójú kan. Orí bébà la ti ń yanjú ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù.

Ẹ kọ́kọ́ yanjú ta ló ni kóòdù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó sanwó ló ni ín, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, ohun tí òṣìṣẹ́ olówó oṣù bá kọ lẹ́nu iṣẹ́, ti ọ̀gá ẹ̀ ni, àmọ́ tó bá jẹ́ freelancer (ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara ẹ̀, tí kì í gbowó oṣù) lẹ gbéṣẹ́ fún, òun ló ni kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí ohun tó kọ, àfi tó bá fọwọ́ síwèé pé òun gbé e fún yín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 1989 nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ CCNV àti Reid tó ṣe ère fún wọn, ère yẹn ni wọ́n ń jà lé lórí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi mọ̀yàtọ̀ òṣìṣẹ́ sí ẹni tá a gbéṣẹ́ fún náà ni wọ́n ń lò fún kóòdù. Torí náà, tẹ́ẹ bá ń lo freelancer, kó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ti lọ tán. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ fún oníbàárà, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Tí owó tó kẹ́yìn bá ti wọlé, gbogbo kọ́píráìtì inú iṣẹ́ yìí di ti oníbàárà.” Ẹ rí “tí owó tó kẹ́yìn bá ti wọlé” yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Kẹ́ẹ sì fi kún un pé àwọn kóòdù tẹ́ẹ ti ní ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ẹ máa ń gbé látinú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíì, tiyín ló ṣì jẹ́, láísẹ́ńsì, ìyẹn àṣẹ láti lò ó, lẹ fún wọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí i pé irinṣẹ́ yín lẹ tà.

Lẹ́yìn náà ni kóòdù ọlọ́fẹ̀ẹ́ tá a ń kó látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ yẹn ní májẹ̀mú. Láísẹ́ńsì tí wọ́n ń pè ní MIT ò le, ẹ ṣáà má pa orúkọ ẹni tó ni ín àti ìwé láísẹ́ńsì ẹ̀ rẹ́. Láísẹ́ńsì GPL lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́, torí tẹ́ẹ bá pín sọ́fítíwíà tí kóòdù GPL wà nínú ẹ̀ fáwọn èèyàn, ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn ní sọ́ọ̀sì kóòdù ẹ̀ (kóòdù gan-an téèyàn kọ) lábẹ́ láísẹ́ńsì kan náà. Láísẹ́ńsì AGPL tún le jùyẹn lọ, tẹ́ẹ bá ti yí kóòdù ẹ̀ padà, ẹni tó kàn ń lo áàpù yín látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà gbọ́dọ̀ lè rí sọ́ọ̀sì kóòdù ẹ̀ gbà. Free Software Foundation, ẹgbẹ́ tó ṣe GPL, gbé iléeṣẹ́ Cisco lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́dún 2008 lórí kóòdù GPL tó wà nínú ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì Linksys tí Cisco ń tà nígbà yẹn, ìgbà tó di 2009 ni wọ́n parí ẹ̀. Ẹ ní àkọsílẹ̀ gbogbo package (kóòdù tẹ́lòmíì ti kọ sílẹ̀) tẹ́ẹ lò àti láísẹ́ńsì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ẹ bá ń build, ìyẹn tẹ́ẹ bá ń sọ kóòdù di áàpù.

Ibi tówó ti ń jò jù ni iṣẹ́ àfikún. Oníbàárà á fi WhatsApp ránṣẹ́ lálẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn bá wa fi bọ́tìnì kan sí i, kéèyàn lè dáńlóòdù rípọ́ọ̀tù ní PDF.” Bọ́tìnì kan ló pè é o. Àmọ́ ẹ máa to bí ìwé náà ṣe máa rí, ẹ máa wò ó bóyá ẹni tó tẹ bọ́tìnì yẹn láṣẹ láti rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ẹ máa ronú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí rípọ́ọ̀tù bá ní ìlà 50,000 tí sáfà (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀) ò sì gbé e, ẹ tún máa tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lórí fóònù. Ẹ má sọ pé rárá, ẹ má sì sọ pé kò sí wàhálà. Ẹ fi í-meèlì dáhùn: “A ti rí ohun tẹ́ẹ fẹ́. Kò sí nínú àdéhùn wa. Ọjọ́ iṣẹ́ 3 ló máa gbà, iye tó máa jẹ́ nìyí, ọjọ́ tá a máa gbéṣẹ́ sílẹ̀ náà á fi ọjọ́ 3 sún síwájú. Ẹ fèsì pé ẹ gbà ká tó bẹ̀rẹ̀.” Tí wọn ò bá fèsì, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Owó: ẹ pín in sí ìpele, ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn iṣẹ́. Kẹ́ẹ sì kọ ọ́ pé tí oníbàárà ò bá kọ̀wé àtakò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ́yìn tẹ́ẹ gbéṣẹ́ sílẹ̀, ó ti gba iṣẹ́ náà nìyẹn.

Tíṣẹ́ bá wá pẹ́, ẹ má sáré gba èèyàn kún èèyàn. Fred Brooks tó darí iṣẹ́ OS/360 ní IBM ti kọ ọ́ láti 1975 pé ẹni tẹ́ẹ bá fi kún iṣẹ́ tó ti pẹ́ á tún mú un pẹ́ sí i ni, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Èèyàn 5 tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ ní méjìméjì, ọ̀nà 10 ni, tí wọ́n bá di 10 ó ti di 45, àwọn tó mọṣẹ́ lá á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó sàn kẹ́ẹ bá oníbàárà jókòó, kẹ́ẹ yọ ohun tó lè dúró.

Tí áàpù náà bá ń gba dátà àwọn ará Yúróòpù, GDPR, òfin Yúróòpù tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn, ti ń ṣiṣẹ́ láti May 25, 2018, ìtanràn ẹ̀ sì lè dé mílíọ̀nù 20 yúrò tàbí ìdá 4 nínú 100 owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ lọ́dún kárí ayé, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà lórí bẹ́ẹ ṣe máa lo dátà yẹn. Tí wọ́n bá jí i, wákàtí 72 ni oníbàárà ní láti sọ fáwọn aláṣẹ, torí náà kẹ́ẹ ti pè é kíákíá tẹ́ẹ bá ti mọ̀.

Dómééìnì (orúkọ wẹ́bùsáìtì), àkáǹtì sáfà, àkáǹtì app store, orúkọ oníbàárà ni kẹ́ẹ fi ṣí gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ yín kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ẹ yọ ọ́ kúrò lórí GitHub, ibi tẹ́ẹ ń tọ́jú kóòdù sí, kẹ́ẹ sì pààrọ̀ gbogbo pásíwọ́ọ̀dù àti key (kóòdù àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé) tó mọ̀.