Bí mo ṣe wá okùn tó mú kí ohùn gìtá báàsì mi rọ̀

Gìtá báàsì olókùn mẹ́rin tí mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ákùúrẹ́ kò ní àrùn kankan lára. Ohùn rẹ̀ ló mú jù. Bí mo bá fa okùn G, èyí tó tín-ín-rín jù, kẹn-ẹ́n ló máa dún, bí ìka mi bá sì ń sún lórí okùn, gbogbo ìjọ ló ń gbọ́ ṣíì-ṣíì rẹ̀. Alàgbà tó ń darí akọrin ò ṣe méjì, ó ní: "Bọ̀dá, ẹ bá wa rọra, ẹ jẹ́ ká gbọ́ gángan." Ohun tí èmi náà fẹ́ ni ohùn báàsì inú àwo jùjú àtijọ́, èyí tó máa ń kún, tó ń ti ìlù láti ẹ̀yìn, tí etí kì í gbọ́ irin nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí King Sunny Adé ti jẹ́ ọmọ ọba rèé, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní irú ohùn bẹ́ẹ̀?

Kí n tó náwó, mo kọ́kọ́ ṣe àwọn tí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo yí bọ́tìnnì tone ara gìtá, èyí tó ń mú kí ohùn mú tàbí kó rọ̀, wálẹ̀, mo sún ọwọ́ ọ̀tún mi súnmọ́ ọrùn gìtá dípò kí n máa fa okùn nítòsí bridge (ibi tí okùn ti so mọ́ ara gìtá), mo sì dín treble, ìyẹn ohùn òkè, kù lórí amp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè). Ó rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohùn kan ń wọ inú èkejì, pàápàá nínú orin ijó, ìka mi sì ṣì ń dún ṣíì-ṣíì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ okùn ni.

Okùn báàsì kì í ṣe wáyà kan ṣoṣo. Wáyà irin kan wà láàárín, wọ́n á wá fi òmíràn wé e yíká. Bí wọ́n ṣe wé e yìí ló ń yí ohùn padà jù lọ. Bí wáyà tí wọ́n fi wé e bá rí róbótó, roundwound nìyẹn. Ara rẹ̀ máa ń ha ọwọ́, àfi bíi fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Ohùn rẹ̀ mú, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú. Flatwound ni èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ wé. Ara rẹ̀ ń dán, ìka ń yọ̀ lórí rẹ̀, ohùn irin tó wà lókè á sì dín kù gan-an. Gbì ló máa kọ́kọ́ dún, á sì tètè lọ sílẹ̀. Halfround wà láàárín àwọn méjèèjì: wọ́n á wé e bíi roundwound, wọ́n á wá lọ òde rẹ̀ kó lè dán díẹ̀. Tapewound tún wà, tí wọ́n fi ọ̀rá nylon bo òde rẹ̀. Irin ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí náà pickup, ìyẹn mágnẹ́ẹ̀tì ara gìtá tó ń gba ohùn okùn, ṣì ń gbọ́ ọ. Ohùn tiẹ̀ rọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń nípọn, ẹlòmíràn á ní láti fẹ ojú ihò nut (ibi tí okùn gbé lé lókè ọrùn) kí okùn tó lè wọlé. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ayùn sún mọ́ gìtá mi.

Flatwound kì í ṣe nǹkan tuntun. Òun ló wọ́pọ̀ lórí báàsì ní àwọn ọdún 1950, kó tó di pé roundwound Rotosound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbòde ní àwọn ọdún 1960, tí John Entwistle ti ẹgbẹ́ The Who ń fi í pariwo. James Jamerson, tó ta báàsì fún Motown, ilé iṣẹ́ àwo orin ní Detroit, kò bá wọn lọ. Flatwound La Bella tó nípọn ló wà lórí gìtá báàsì Fender Precision tirẹ̀, kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ àyàfi tó bá já.

Irin tí wọ́n fi ṣe òde okùn náà lọ́wọ́ sí i. Stainless steel ló mú jù, nickel-plated wà láàárín, pure nickel sì rọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn bí roundwound ṣe ń ṣe lábẹ́ ọwọ́, tó kàn fẹ́ kí ohùn rọ̀ díẹ̀, pure nickel ni kó kọ́kọ́ dán wò. Ní tèmi, mo fẹ́ kí ariwo ìka náà lọ, flatwound ló kù.

Àwọn kan ní kí n má da ara mi láàmú, kí n jẹ́ kí okùn àtijọ́ máa gbó lọ. Òótọ́ ni pé òógùn àti ìdọ̀tí tó bá wọ ojú roundwound máa ń pa ohùn òkè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn onígìtá wa fi máa ń se okùn nínú omi kó lè padà mú. Ṣùgbọ́n okùn kì í gbó dọ́gba. Ibi tí fret (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) ti ń jẹ ẹ́ á jìn, ohùn á sì máa yà kúrò lójú ọ̀nà bí ọwọ́ bá ti ń gòkè. Èmi ò lè máa ta ohùn tó yà fún akọrin.

Ní ti bí okùn ṣe nípọn tó, 45 sí 105 ni ọ̀pọ̀ roundwound máa ń jẹ́, ìyẹn 0.045 ínṣì fún G, 0.105 fún E, èyí tó nípọn jù. Mo mú D'Addario Chromes ECB81, tó jẹ́ 45 sí 100, kí ọrùn gìtá má baà ru ẹrù púpọ̀ jù. Chromes kì í ṣe flatwound tó rọ̀ jù lọ lọ́jà, mo mọ̀. Mo fẹ́ kí mímú díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ohùn náà ni. Mo tún fi téèpù wọn gìtá láti nut dé bridge, kí okùn tí mo ń rà má baà kúrú: ínṣì 34, long scale nìyẹn.

Àwọn tó ń ta ohun èlò orin l'Ákùúrẹ́, láti Arákàlẹ̀ dé òpópónà Ọba Adésídà, roundwound nìkan ni wọ́n kó jáde fún mi. Ọ̀kan gbé ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́ tí kò ní nọ́ńbà kankan lára, ó ní gbogbo wọn náà ni. Mo bá pe àbúrò kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù l'Ékòó. Mo ní, "ECB81 ni kí o kà lára páálí. Bí wọ́n bá sọ pé ó jọ ọ́, má gbà á." Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Ó fi ránṣẹ́ nípa wébíìlì, mo sì lọ gbà á ní páàkì.

Mo ń yọ okùn àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi tuntun sípò rẹ̀, kí ọrùn má baà dédé tú sílẹ̀. Kí n tó gé okùn, mo fi nǹkan bí ínṣì méjì sílẹ̀ lẹ́yìn òpó tuner (èyí tí a ń yí lórí gìtá kí okùn lè le), mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kọ́ọ́, mo wá gé e níwájú ibi tó tẹ̀. Bí èèyàn bá gé flatwound láìtẹ̀ ẹ́, irin òde lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ohùn á sì kú. Mo yí i wálẹ̀ lára òpó, mo tún un sí E, A, D, G, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kejì, ọrùn ti tẹ̀ síwájú díẹ̀. Mo di fret àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn mú lórí okùn E, mo wo àlàfo abẹ́ rẹ̀ ní fret keje: ó ti fẹ̀ jù. Mo fi Allen key yí truss rod, ọ̀pá irin inú ọrùn, ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, mo tún un tún, mo tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni intonation, ìyẹn kí ohùn má yà bí ọwọ́ bá ń gòkè. Harmonic orí fret kejìlá (ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jáde bí a bá kàn fọwọ́ kan okùn láìtẹ̀ ẹ́) àti ohùn tí mo tẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ tuner tó ń wọn ohùn. Ti E ga díẹ̀, mo sún saddle rẹ̀ (ibi tí okùn náà gbé lé lórí bridge) sẹ́yìn.

Ó ku amp, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ti fi flatwound sí i, wọ́n á tún gbé bass, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, sókè. Okùn E tí a kò tẹ̀ ń dún ní 41 Hz (ó ń gbọ̀n nígbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré ti ṣọ́ọ̀ṣì wa kò sì lè gbé e jáde dáadáa. Ohun tí etí ń gbọ́ bí ohùn tó kún ni èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nítorí náà mo dá bass padà sí àárín, mo gbé mid, ohùn àárín, sókè díẹ̀, mo sì tún ṣí bọ́tìnnì tone ara gìtá padà. Gángan wá ń sọ̀rọ̀ lókè, báàsì ń dá a lóhùn nísàlẹ̀, ọ̀kan kò bo èkejì.

Okùn G ṣì tinrin létí mi ju ti E lọ, torí náà mo gbé pickup sókè díẹ̀ lápá G, mo rẹ ti apá E sílẹ̀. Fún orin tó bá gba kí a máa fi àtàǹpàkò gbá okùn, flatwound kò dára fún un, mi ò sì fipá mú un. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ báàsì lọ́dọ̀ mi ló ń dìde síyẹn, roundwound wà lórí tirẹ̀.