Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ní tẹ̀sán: àṣìṣe tó ń sọ ẹjọ́ kékeré di ńlá

Ọmọkùnrin aránṣọ kan n'Ìbàdàn ra fóònù àlòkù. Oṣù kan kò pé tí ọlọ́pàá fi tọpa fóònù náà dé ìdí maṣíìnì rẹ̀. Ohun tó sọ ní tẹ̀sán kò ju gbólóhùn kan lọ: "Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n pè é, ni mo bá rà á." Nígbà tí ìwé tí ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí dé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wa, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lédè Òyìnbó ni pé ó mọ̀ pé ẹrù olè ni kó tó rà á. Ẹnikẹ́ni ò kà á sí i létí. Ó sì ti fọwọ́ sí i.

Orí "ó mọ̀" yẹn gan-an lẹjọ́ dúró lé. Nínú òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní Gúúsù Nàìjíríà, kó tó di pé ẹni tó gba ẹrù olè jẹ̀bi, olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó mọ̀ pé jíjí ni wọ́n jí i. Ọ̀rọ̀ tí wọn ì bá wá ẹlẹ́rìí fún títí, ọmọ yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé bí àgbà bá bi wá léèrè, ká dáhùn. Ní tẹ̀sán, ẹ lè dákẹ́. Abala 35 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó wù yín. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín sílẹ̀ fún yín, lédè tó yé yín. Òfin ìgbẹ́jọ́ ti ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 2015 tún ní ẹni tí kò gbọ́ Òyìnbó gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ tí yóò ka ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un kó tó fọwọ́ sí i.

Ibì kan wà tí dídákẹ́ ti ń ṣàkóbá. Bí ẹ ò bá sí níbi tọ́rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́: ibi tí ẹ wà, aago mélòó, àti ẹni tẹ́ ẹ jọ wà. Bó bá ṣe inú kóòtù lẹ ti kọ́kọ́ mú un jáde, adájọ́ á ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó ni.

Tí wọ́n bá lù yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kí agbẹjọ́rò yín ta kò ó kí kóòtù tó gba ìwé náà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Adájọ́ á kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ má pa èyí pọ̀ mọ́ "n kò sọ bẹ́ẹ̀". Bí ẹ bá kàn ní ẹ ò sọ ọ́, wọ́n ṣì lè gbà á wọlé, kí adájọ́ wá wọ̀n ọ́n wò.

Àwọn kan wà lẹ́nu ọ̀nà kóòtù tó máa ní, "Ṣáà sọ pé o jẹ̀bi, fáìnì ni wọ́n máa bù fún ẹ." Nílé ẹjọ́ Májísíréètì, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ lè bá ara yín lẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin ẹbí náà, ẹ má fi ìyá rọ́pò ọmọ látìmọ́lé. Òfin kà á léèwọ̀.

Bí owó agbẹjọ́rò ò bá sí, Legal Aid Council, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bá aláìní rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wà; irú rẹ̀ ti ìjọba ìpínlẹ̀, Office of the Public Defender, sì wà l'Ékòó. Ẹ fi nọ́ńbà agbẹjọ́rò sórí fóònù ẹlòmíì nínú ilé, torí tiyín ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.