Bá a ṣe ń fi orin bá àgbà tó ń ṣarán gbé

Tó bá ti ń lọ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà wa l'Ádó-Èkìtì á di báàgì wọn, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní àwọn ń lọ ulé. Ulé tí wọ́n ń wí yìí, inú ẹ̀ náà ni wọ́n dúró sí o, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń gbébẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní "Màmá, ilé yín rèé", ìjà dé nìyẹn. Orin ló bá wa yanjú ẹ̀, mo wá ní kí n kọ bá a ṣe ń ṣe é síbí fún ẹni tó ní irú ẹ̀ nílé.

Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ rí dókítà ná. Nígbà míì oògùn tí wọ́n ń lò, àbí àìtó fítámì, àbí àìsàn ojú ìtọ̀ ló ń da ọpọlọ wọn rú, tí wọ́n bá sì tọ́jú ìyẹn nǹkan lè padà sípò. Tó bá jẹ́ àná sí òní ni ọ̀rọ̀ wọn ṣàdédé yí, ẹ má jókòó wá orin, ọ̀sìbítù ni. Àwọn tó ń sọ pé àjẹ́ ló fẹ́ jẹ́wọ́, ẹ má dá wọn lóhùn jọ̀ọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àìsàn tó ń mú àgbà ṣarán ni Alzheimer's, dókítà ará Jámánì tó ṣàlàyé ẹ̀ ní 1906 ni wọ́n fi sọ ọ́. Orin ò lè wò ó, kò sì lè dá a dúró, àmọ́ ó ń mú ara rọlẹ̀, ó sì máa ń la ẹnu tó ti dí, torí orin kì í tètè kúrò lọ́pọlọ bí orúkọ èèyàn ṣe ń kúrò. Ẹni tí ò mọ orúkọ àkọ́bí ẹ̀ mọ́ lè kọ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ṣe ni pé orin tí àwa fẹ́ràn la máa ń gbé sí i. Orin tó máa ń wọlé sí wọn lára jù ni èyí tí wọ́n gbọ́ láti bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n. Ẹ ṣírò ẹ̀: ẹni tí wọ́n bí ní 1943, ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí I.K. Dairo, olórin jùjú, gba oyè MBE lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ wá orin ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà yẹn kún un, orin iléèwé, àti alámọ̀ tí àwọn ìyá wa l'Ékìtì ń kọ. Èmi ò mọ alámọ̀ kankan, ẹgbẹ́ Màmá kan n'Íkẹ́rẹ́ ni mo pè lórí fóònù, wọ́n dá a fún mi ẹ̀ẹ̀mejì, mo gbà á sílẹ̀. Màmá gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n gbé e lọ́wọ́ kan náà, èdè Èkìtì tó dọ́ṣọ̀ tí èmi gan-an ò gbọ́ tán!

Ẹ gbé orin sórí fóònù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má lo rédíò, torí tí ìpolówó ọjà bá já wọ inú orin ọkàn wọn á tún dàrú, yàtọ̀ sí pé dátà àti NẸ́PÀ ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jókòó síwájú wọn kí wọ́n rí ojú yín, ẹ pe oríkì wọn, ẹ wá tan orin náà wẹ́rẹ́. Tí etí wọn bá ti wúwo, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí náà wò, ẹ má kàn máa gbé ohùn orin sókè.

Èyí tó dùn jù lójú tèmi ni kẹ́ ẹ máa lé orin fúnra yín, tó bá ku ọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ dúró. Ẹ má kánjú o, ó lè pẹ́ díẹ̀, wọ́n á gbè é. Ẹ fún wọn ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àbí ṣíbí àti abọ́, kí ọwọ́ náà ríṣẹ́ ṣe. Tó bá jẹ́ aago márùn-ún ni ara wọn kì í balẹ̀ bíi ti Màmá, aago mẹ́rin àbọ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Ìwẹ̀ náà, ẹ ya orin kan sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ máa wo ojú wọn. Tó bá jẹ́ ẹkún nìkan ni wọ́n ń sun, ẹ má pa orin náà, ẹ di ọwọ́ wọn mú, ó lè jẹ́ pé wọ́n rántí ẹnì kan. Àmọ́ tí wọ́n bá ń di etí, tí ojú le, tí wọ́n ń dìde ń jókòó, ẹ pa á kíá, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ orin yẹn sílẹ̀ kí ẹlòmíì nílé má tún lọ tàn án. Orin òkú kan ló kọ́ mi ní ìyẹn.

Lálẹ́ àná báàgì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn nígbà tá a kọrin tán. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní ṣé ẹ ò ní í gbé iyán wá ni.